Bí ẹ ṣe lè múra ọ̀dọ́langba sílẹ̀ fún iṣẹ́ àkọ́kọ́ l'Ábẹ́òkúta

Ètò ìrànwọ́ fún ọmọ aláìní sábà máa ń ti ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á kó ẹ̀rọ ìránṣọ wá, wọ́n á pín in, wọ́n á ya fọ́tò, ó parí. Kí oṣù méjì tó pé, àwọn ará ilé ọmọ ti ta ẹ̀rọ náà, nítorí ebi ń pa wọ́n, ọmọ tí wọ́n sì fún kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń ti òwú bọ abẹ́rẹ́ rẹ̀. Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ wá àgbà tó máa tọpa ọmọ náà láti ilé dé ibi iṣẹ́, tó máa mọ ìdí tó fi pẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó sì ní nọ́ḿbà ìyá rẹ̀ lórí fóònù.

Ìlànà yìí wà fún ẹgbẹ́ kékeré: ẹgbẹ́ àdúgbò, ìjọ, mọ́ṣáláṣí, tàbí olùkọ́ mélòó kan tó fẹ́ ran ọmọ ọdún 14 sí 17 lọ́wọ́. Ọmọ 10 sí 12 ni kí ẹ mú, pẹ̀lú àgbà méjì, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Ẹni tó bá kó 40 ọmọ jọ, ìpàdé ló ń ṣe. Kò lè mọ ilé wọn. Ọ̀sẹ̀ 12 ni gbogbo rẹ̀ máa gbà: mẹ́rin fún ìmúrasílẹ̀, mẹ́fà níbi iṣẹ́, méjì fún ìparí.

Ẹ kọ́kọ́ dé ilé

Ẹ má fi fọ́ọ̀mù pe ọmọ. Ẹ lọ bá òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ nílé ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tọjà dé, àgbà méjèèjì pọ̀. Ẹ jókòó bí wọ́n bá ní kí ẹ jókòó. Ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ ò pọ̀: ta ni ọmọ ń gbé pẹ̀lú, ta ló ń tọ́jú àwọn àbúrò, ṣé ó ń lọ sílé ìwé, ṣé ó ń kiri ọjà, báwo ni yóò ṣe dé ibi ìpàdé.

Ìbéèrè ọjà kíkiri yẹn ló ṣe pàtàkì jù. Bí ọmọ bá ń kiri lálẹ́ Jímọ̀ àti ní Sátidé, tí owó rẹ̀ sì wà nínú owó oúnjẹ ilé, ìyá rẹ̀ máa sọ fún yín pé òun fara mọ́ ọn, ọmọ náà ò sì ní wá. Kì í ṣe pé ìyá ń purọ́. Ẹ bi í ní pẹ̀lẹ́ pé èló ni ọmọ ń mú wálé lọ́jọ́ kan, kí ẹ wá fi àkókò ètò yín sí wákàtí tí ọjà kì í fi bẹ́ẹ̀ tà. Ìyàtọ̀ wákàtí méjì péré lè jẹ́ kí ọmọ náà dúró títí dé òpin.

Ẹ béèrè àìsàn pẹ̀lú, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ tó ní ikọ́ fée (asthma) ò gbọdọ̀ lọ síbi tí èéfín tàbí òórùn aró ti pọ̀. Ọmọ tó jẹ́ SS (tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde) ò gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ tó ń tẹ ọwọ́ bọ omi tútù fún ìgbà pípẹ́, tàbí iṣẹ́ ẹrù wíwúwo nínú oòrùn.

Ọmọ tó ṣì wà nílé ìwé kò gbọdọ̀ tìtorí ètò yìí fi ilé ìwé sílẹ̀. Òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ọdún 2004 sọ ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́, títí dé ìparí JSS 3, di dandan. Bí ọmọ bá ti kúrò nílé ìwé kó tó dé ibẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bá òbí àti ilé ìwé sọ̀rọ̀ bóyá ó lè padà. Iṣẹ́ ọjọ́ Sátidé kò dí ìyẹn lọ́wọ́.

Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí, torí ó ń pẹ́: ìwé ọjọ́ ìbí, fọ́tò pásípọ́ọ̀tì mẹ́rin, àti NIN. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe NIN fún ẹni tó ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́. Òbí tàbí alágbàtọ́ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ọmọdé lọ, kó mú NIN tirẹ̀ dání. Ẹni tó bá ní kí ẹ san owó kí orúkọ yín lè tètè jáde, ẹ fi í sílẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kò lè dá ṣí àkáǹtì báńkì fúnra rẹ̀. Pẹ̀lú òbí ni.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ìmúrasílẹ̀

Ìpàdé méjì lọ́sẹ̀, wákàtí méjì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fún wọn ní nǹkan jẹ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: búrẹ́dì àti ẹ̀wà, tàbí gàrí àti ẹ̀pà, ó tó. Etí ọmọ tí ebi ń pa kì í gbọ́ ẹ̀kọ́. Ẹ fún wọn ní owó ọkọ̀ lọ́wọ́ lójoojúmọ́, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan lóṣù, torí owó tí ẹ bá fún wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà máa di owó ata kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ọmọ tó ń ti Ọbáńtòkò lọ sí Ìtòkú lè wọ ọkọ̀ méjì. Ẹ ṣírò tirẹ̀ lọ́tọ̀, kó má jẹ́ iye kan náà pẹ̀lú ti ọmọ tó ń rìn láti Ìjẹ̀mọ̀.

Àkókò ni ẹ máa fi bẹ̀rẹ̀. Kí ọmọ kọ gbogbo ohun tó ń ṣe láti ìgbà tó jí títí yóò fi jáde nílé: omi pípọn, ilẹ̀ gbígbá, wíwẹ̀ àbúrò. Kó wá kọ ìṣẹ́jú tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà síwájú rẹ̀, kó ti orí aago tó gbọ́dọ̀ dé ibi iṣẹ́ kà á padà sẹ́yìn. Èyí tó bá ní láti dé ní aago mẹ́sàn-án máa ń rí i pé aago mẹ́fà ló yẹ kóun jí, kì í ṣe aago méje ààbọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n ń pè ní ọ̀lẹ, ẹnì kankan ò kọ́ wọn ní ìṣirò yìí rí ni.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹnu. Kíkí ò le fún wọn, ọmọ Ẹ̀gbá ni wọ́n. Bí wọ́n ṣe ń ṣàlàyé ara wọn ló nira. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é bí eré: ẹnì kan jẹ́ ọ̀gá, ẹnì kan jẹ́ oníbàárà, ẹni kẹta ń bọ̀ wá béèrè iṣẹ́. Ohun tí ẹ máa wò ni pé, ṣé ó dúró kí oníbàárà lọ tán kó tó sọ̀rọ̀? Ṣé ó sọ orúkọ rẹ̀ àti ẹni tó rán an? Ṣé ohùn rẹ̀ jáde?

Ẹ wá kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀gá lórí fóònù nígbà tí wọ́n bá máa pẹ́. Ohun mẹ́rin ló gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀: ta ni ọ́, níbo lo wà, kí ló ṣẹlẹ̀, ìgbà wo lo máa dé. “Ẹ káàárọ̀ mà. Èmi Ṣadé ni, ọmọ tó ń wá ní Sátidé. Ọkọ̀ tí mo wọ̀ bàjẹ́ ní Àṣẹ̀rò. Mo máa dé ní aago mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú.” Ẹ kìlọ̀ fún wọn nípa “mo ti wà lójú ọ̀nà” tí wọ́n ń ti orí ibùsùn sọ. Ọ̀gá tó bá mú ọmọ nínú irọ́ yìí lẹ́ẹ̀mejì kì í fi í sídìí owó mọ́.

Owó gba ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ó tún yẹ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ṣéńjì. Oníbàárà ra nǹkan mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦350, ó fún ọ ní ₦2,000. Àpapọ̀ jẹ́ ₦1,050. Kí ọmọ má ṣe fi orí yọ ọ́, kó máa kà á gòkè sọ́wọ́ oníbàárà: “1,050, 50 rèé, ó di 1,100, 400 rèé, ó di 1,500, 500 rèé, ó di 2,000.” Oníbàárà náà ń bá a kà á, àríyànjiyàn ò sí. Ẹ lo owó gidi, kí ẹ sì dà á pọ̀: owó tó ti gbó, owó tó ya.

Ìkejì ni èrè. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ta omi rí, àmọ́ wọ́n rò pé gbogbo owó tó wọlé ni èrè. Àpò omi kan jẹ́ ọ̀rá 20. Ká sọ pé wọ́n rà á ní ₦500, wọ́n ra yìnyín ₦100, wọ́n ń ta ọ̀rá kan ní ₦50. Bí méjì bá bẹ́, 18 ló ṣẹ́kù, ₦900 ló wọlé. Ẹ yọ ₦600 kúrò, ó ku ₦300. Bí ọmọ bá wá wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá ₦200 padà sílé, ₦100 ni èrè gbogbo ọ̀sán yẹn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn rí i lórí ìwé. Ariwo máa ń sọ ní yàrá, torí àwọn kan ti ń ta omi láti ọdún pípẹ́.

Ìkẹta ni ìpamọ́. Alájọ tó ń gba ₦200 lójúmọ́ fún ọjọ́ 30 máa dá ₦5,800 padà, torí owó ọjọ́ kan jẹ́ tirẹ̀. Kóló ò gba nǹkan kan, ṣùgbọ́n inú ilé ló wà, gbogbo ilé sì mọ ibi tó wà. Kí ọmọ fúnra rẹ̀ sọ èyí tó bá ipò ilé wọn mu.

Ẹ fi èyí kún un, pàápàá fún àwọn tó ti ní fóònù: kóòdù tí báńkì bá fi ránṣẹ́, ẹnì kankan ò gbọdọ̀ gbọ́ ọ. Iṣẹ́ tó bá ní kí o kọ́kọ́ san owó fọ́ọ̀mù, ẹ̀tàn ni. Ẹni tó bá sọ pé kó o jẹ́ kí owó kan gba inú àkáǹtì rẹ kọjá, pé òun máa fún ọ ní díẹ̀ níbẹ̀, olè ló ń wá ẹni tí wọ́n máa mú dípò òun.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin jẹ́ ti ọwọ́ àti ti kíkọ̀. Ti ọwọ́: téèpù ìwọ̀n. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn ilẹ̀kùn, tábìlì, ara wọn. Íǹṣì 36 ni yáàdì kan, íǹṣì kan sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2.54. Ẹ wò ó dáadáa: ọ̀pọ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ láti orí nọ́ḿbà 1 dípò ẹnu téèpù, gbogbo ìwọ̀n wọn á wá fi íǹṣì kan lé. Télọ̀, káfíńtà, oníàdìrẹ, gbogbo wọn ló ń bínú sí àṣìṣe yìí, torí ó ń ba ohun èlò jẹ́.

Ti kíkọ̀ nira ju ti téèpù lọ. Ọmọ tí a tọ́ dáadáa nílẹ̀ Yorùbá kì í sọ fún àgbà pé “mi ò ṣe”. Ẹ má ṣe ní kó máa sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ yá a ní ẹnu tiyín. Kó kọ́ gbólóhùn kan sórí: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwọn tó mú mi wá ní n ò gbọdọ̀ ṣe èyí láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ pè wọ́n.” Ó lè lò ó bí wọ́n bá ní kó lọ sílé ẹnì kan nìkan, bí wọ́n bá ní kó dúró di alẹ́, bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kan án níbi tí kò yẹ. Ẹ fún un ní nọ́ḿbà méjì, kó há wọn sórí, torí fóònù lè má sí lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Yíyan ibi iṣẹ́

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí iṣẹ́ àkọ́kọ́ jẹ́ èyí tí ọmọ máa rí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Télọ̀ tó ń ṣe àtúnṣe aṣọ dára ju télọ̀ tó ń rán aṣọ ìyàwó lọ. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tókọ́pì àti ìwé títẹ̀ lágbègbè Moshood Abiola Polytechnic dára: oníbàárà pọ̀, iṣẹ́ yá, ọmọ á lo kọ̀ǹpútà. Ṣọ́ọ̀bù onídìrí, ìdí ọjà búrẹ́dì, ibi àtúnṣe fóònù, gbogbo wọn ṣeé lò. Ẹ má mú ọmọ lọ sí sọ̀míìlì, ilé ọtí, ibi àwọn alurinmọ́, tàbí kó máa ṣe kọ́ńdọ́ ọkọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ìtara òbí fà yín lórí èyí.

Àdìrẹ ni gbogbo ayé mọ ọjà Ìtòkú sí, ọ̀pọ̀ ọmọ á sì fẹ́ lọ síbẹ̀. Ó dára, bí ẹ bá pín iṣẹ́ ibẹ̀ sí méjì. Èyí tí ọmọ lè ṣe: ìko dídì fún àdìrẹ oníko, rírán àdìrẹ alábẹ́rẹ́, fífi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ láfún sórí aṣọ fún àdìrẹ ẹlẹ́kọ, wíwọn yáàdì, kíká aṣọ, yíya fọ́tò rẹ̀ fún títà lórí fóònù, dídá oníbàárà lóhùn. Èyí tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn: kọ́sítíìkì sódà àti haidirọ́ọ̀sì, kẹ́míkà méjì tí wọ́n ń pò mọ́ aró, àti àbẹ́là tó ti yọ́ lórí iná. Inú omi ni wọ́n ń da kọ́sítíìkì sí díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá da omi lé e lórí, yóò hó, yóò sì ta sí i lójú. Haidirọ́ọ̀sì tí omi díẹ̀ bá wọ inú ọ̀rá rẹ̀ lè gbóná títí tí yóò fi gbiná. Kí ọmọ mọ̀ wọ́n lójú, kó mọ ìdí tóun fi ń jìnnà sí wọn. Bí ohun gbígbóná bá jó o, omi tútù tó ń ṣàn fún 20 ìṣẹ́jú ni. Kò sí ẹyin, kò sí ọṣẹ ìfọyín, kò sí epo.

Kí ẹ tó gbà, ẹ dé ṣọ́ọ̀bù náà lẹ́ẹ̀mejì, kí ọ̀kan jẹ́ ọjọ́ tí wọn ò retí yín. Ẹ wo ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà. Bó bá wà nínú ilé tàbí lẹ́nu ọ̀nà tí èéfín ń wọlé, ẹ ní kí wọ́n gbé e jáde, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ wá ibòmíì. Ẹ wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀, torí ọmọbìnrin tí kò rí ibi lọ kò ní padà wá. Ẹ wo bí ọ̀gá ṣe ń bá àwọn ọmọ iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ sọ̀rọ̀ nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́. Ìyẹn sọ púpọ̀ ju ohun tó bá ń sọ fún yín lọ.

Àdéhùn

Ojú ìwé kan ti tó, ní Yorùbá, kí ọ̀gá, òbí, ọmọ àti ẹni kan látọ̀dọ̀ yín fọwọ́ sí i. Ohun tó máa wà nínú rẹ̀: Sátidé mẹ́fà, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí aago kan ọ̀sán, wákàtí 24 lápapọ̀, ohun mẹ́ta tí ọmọ máa kọ́, ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe, pé ọ̀gá ò ní gba owó ìwọṣẹ́, pé ọmọ ò ní sùn síbẹ̀, nọ́ḿbà tí wọ́n máa pè. Wákàtí mẹ́rin yẹn kì í ṣe àròsọ. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa kò gbà kí ẹni tí kò tíì pé ọdún 16 ṣiṣẹ́ ju wákàtí mẹ́rin lọ léraléra, tàbí ju mẹ́jọ lọ lójúmọ́, kò sì gbà kí wọ́n ṣiṣẹ́ òru.

Ní ti owó iṣẹ́, ẹ̀yin ni kí ẹ ru owó ọkọ̀ àti oúnjẹ. Bí wọ́n bá ta ohun tí ọmọ fọwọ́ ṣe, ẹ bá ọ̀gá sọ ọ́ kó fún un ní nǹkan díẹ̀. Owó àkọ́kọ́ tí ọmọ fi òógùn ara rẹ̀ gbà, bó ti wù kó kéré mọ, máa ń yí ìrìn rẹ̀ padà.

Ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé àkọsílẹ̀ olójú-ewé 40, bírò, téèpù ìwọ̀n àti épúrọ́ọ̀nù. Ní ọjọ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló máa kọ ohun mẹ́rin: ọjọ́, ohun tí mo rí, ohun tí ọwọ́ mi ṣe, ohun tí mo béèrè. Ọ̀gá á fọwọ́ sí i. Bí ọjọ́ iṣẹ́ méjì bá tẹ̀ léra tó jẹ́ pé “mo gbálẹ̀, mo lọ ra oúnjẹ wá” nìkan ló wà níbẹ̀, ẹ lọ bá ọ̀gá. Ilẹ̀ gbígbá wà lára ẹ̀kọ́ṣẹ́, kò sẹ́ni tó ń sọ pé kó má gbá a. Àmọ́ tí ìgbálẹ̀ ò bá kúrò lọ́wọ́ ọmọ, iṣẹ́ ò lè wọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ẹ rán ọ̀gá létí ohun mẹ́ta tó fọwọ́ sí, kí ẹ sọ ọ́ níkọ̀kọ̀, kì í ṣe lójú oníbàárà.

Níbi tó ti sábà ń bàjẹ́

Ọ̀sẹ̀ kẹta níbi iṣẹ́ ni ọmọ máa ń dáwọ́ dúró. Ìtara ti rọ̀, ó ti ṣe àṣìṣe kan tí wọ́n pariwo mọ́ ọn, bàtà rẹ̀ ti já. Bí ọmọ ò bá wá, ẹ pe ilé lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ dé ibẹ̀ kí ọ̀la tó lọ. Ẹ má bi í pé “kí ló dé tó ò wá?” níwájú gbogbo ilé. Ẹ ní kó sìn yín dé òpópónà. Ibẹ̀ lẹ ti máa gbọ́ òótọ́.

Fún àwọn ọmọbìnrin, nǹkan oṣù lè jẹ́ ìdí tí wọn kò fi wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù, wọn ò sì ní sọ ọ́ fún ọkùnrin. Kí àgbà obìnrin inú ètò yín máa tọ́jú páàdì, kó máa pín in láìjẹ́ pé ẹnì kan béèrè. Aṣọ pẹ̀lú máa ń lé ọmọ sẹ́yìn: épúrọ́ọ̀nù tí gbogbo wọn jọ ń wọ̀ máa ń bo aṣọ tó ti ya, ìdí nìyẹn tá a fi fi í kún ohun tí ẹ máa rà.

Bí ọmọ bá ba nǹkan ọ̀gá jẹ́ ńkọ́? Ẹ ti ní owó kékeré kan nílẹ̀ fún irú èyí, kí ẹ sì ti sọ fún ọ̀gá ṣáájú pé ẹ̀yin lẹ máa san án, kì í ṣe òbí. Bí ẹ ò bá sọ ọ́ ṣáájú, ọmọ á gé aṣọ níbi tí kò yẹ, ẹ̀rù gbèsè á bà á, ẹ ò sì ní rí i mọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì tó kẹ́yìn

Sábúkéètì aláràbarà ò wúlò tó lẹ́tà kan tó sọ òótọ́. Kí ọ̀gá kọ ọ́, tàbí kí ẹ bá a kọ ọ́ kó fọwọ́ sí i: orúkọ ọmọ, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti èyí tó parí, iye wákàtí, ohun mẹ́ta tó lè ṣe láìsí pé ẹnì kan dúró tì í, iye ìgbà tó pẹ́, nọ́ḿbà ọ̀gá. Ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́ta. Ọ̀kan kó wà lọ́dọ̀ yín, torí òjò àti eku ò ní jẹ́ kí tọmọ pẹ́.

Ọmọ tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà délẹ̀délẹ̀, àdéhùn ìkọ́ṣẹ́ gidi ló kù. Fún ọmọ tó ti ju ọdún 12 lọ àmọ́ tí kò tíì pé 16, òfin ní kí ó wà lákọsílẹ̀, kí ọmọ fúnra rẹ̀ gbà, kó má sì kọjá ọdún márùn-ún. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ iye owó òmìnira síbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí orí rẹ̀ ni ìjà ti máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọmọ bá kọ́ṣẹ́ tán. Ìgbà yìí ni ẹ lè máa rò ó bóyá kí ẹ ra ẹ̀rọ. Bí ẹ bá rà á, kó wà ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá lórúkọ ọmọ títí yóò fi gba òmìnira. Lẹ́yìn rẹ̀, ìdánwò Trade Test ti iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wà, láti ìpele 3 gòkè dé 1, fún ẹni tó bá fẹ́ kí ilé iṣẹ́ ńlá gba òun.

Ọmọ tó bá sì sọ pé òun ò fẹ́ràn iṣẹ́ náà, ẹ gbà á gbọ́. Ẹ bi í pé apá ibo ló fẹ́ràn níbẹ̀: bíbá oníbàárà sọ̀rọ̀ ni àbí ohun tó fi ọwọ́ ṣe, kí ẹ wá fi ìyẹn wá ibòmíì fún un. Ẹ pe gbogbo wọn ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ìkẹrin àti ìkejìlá lẹ́yìn ìparí. Èyí tí fóònù rẹ̀ ò bá lọ, ẹ gba ilé rẹ̀ lọ.